N Ò Ní Ka Ìwé Yẹn

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí wa ní Idigny tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Òórùn epo àtùpà ni, pẹ̀lú èéfín díẹ̀, àti ti abẹ́rẹ́ tí a sè nínú ìkòkò kékeré títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Yàrá náà kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni firígò tí a fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wà, firígò tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ iná mànàmáná. Àtùpà kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, iná àtùpà yẹn ló sì ń mú un tutù. Má bi mí bí iná ṣe ń mú nǹkan tutù, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nílé ẹ̀kọ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé, n ò sì tíì gbà á gbọ́ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iná náà gbọ́dọ̀ jó bí àwọ̀ aró, kò gbọ́dọ̀ pọ́n, kò gbọ́dọ̀ rú èéfín, àti pé láràárọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ó gé òwú rẹ̀, kí ó sì bu epo sí i. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà yẹn, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo ń wọ aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, mo sì rò pé kò sí ohun tí ayé lè fi mí ṣe.

Ìgbà ìyípadà ìjọba ni, ìgbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kamaráàdì. Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n. O ò lè kọ lẹ́tà láti tọrọ ọṣẹ ìfọwọ́ kí o má fi “Ìjà ń tẹ̀síwájú” parí rẹ̀. Kọmitée wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan, délégé sì wà lórí kọmitée kọ̀ọ̀kan. Délégé tiwa kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Àgbẹ̀ tó kàwé díẹ̀ ni, ó sì fẹ́ kí nǹkan máa lọ létòlétò. Àmọ́ ọkùnrin náà fẹ́ràn otokritíkì ju oúnjẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé kọmitée, ẹni tó bá ṣẹ̀ á dìde níwájú gbogbo ìlú, á ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, á wá fi ẹnu ara rẹ̀ bú ara rẹ̀ dáadáa. Bí èébú náà bá ṣe pọ̀ tó ni àtẹ́wọ́ ṣe máa ń pọ̀ tó. Tíṣà kan pẹ́ dé oko ilé ìwé nígbà kan, ó dìde, ó pe ara rẹ̀ ní kòkòrò tí ń jẹ àgbàdo àwọn tálákà, a rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́, ó lọ sílé lọ jẹun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún pẹ́ dé. Ṣé o rí i? Èébú ara ẹni kò wọ́n rárá lásìkò yẹn.

Ọ̀gá mi, ìyá agbẹ̀bí, kì í lọ síbẹ̀ bí kò bá di dandan. Pobè ni wọ́n ti gbé e wá, obìnrin tó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, onígbàgbọ́ tí kì í pariwo àdúrà. Òfin kan ṣoṣo ló ní nínú yàrá ìrọbí rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ náà mọ bí àwa obìnrin ṣe rí. Inú ìrora ni aláboyún á wà, á máa sunkún pé, “Ọ̀lẹ ni mí, ìyá mi bí mẹ́sàn-án láìké.” Ìyá agbẹ̀bí á nu ojú rẹ̀, á ní, “Èébú kì í bí ọmọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́? Kí ni ara rẹ ń fẹ́? Kí ni kí n bá ẹ ṣe?” Ìbéèrè mẹ́rin yìí ló ń bi gbogbo ènìyàn, títí kan ọkọ tó bá wá pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Èmi máa ń yínmú sí i lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ pé lóde òní wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Kútọnu, nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń pè é ní ọ̀rọ̀ sísọ láìsí ìwà ipá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìrọbí ni mo ti kọ́ tèmi, mo sì san owó ẹ̀kọ́ mi pé.

Oṣù mọ́kànlá ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ láìsinmi ọjọ́ kan nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Kétu. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bọ́ sí, ọjọ́ abẹ́rẹ́ sì ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé bí mo bá tọrọ àyè, ìyá agbẹ̀bí lè ní kí n dúró. Nítorí náà n ò tọrọ. Mo sọ fún un pé mò ń lọ kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ ní àwọn oko Odomẹ̀ta, pé ó ṣeé ṣe kí n sun ibẹ̀, mo wá gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó di Kétu. N ò gé òwú, n ò bu epo, n ò sì fi firígò lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo jó níbẹ̀, mo jó gan-an! Mo jẹ, mo mu, mo sùn ti ìyá mi bí ọmọ ọdún márùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo padà dé. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá yẹn, èéfín dúdú ti kun ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, àtùpà ti kú fin-ín. Mo ṣí firígò, ooru fẹ́ sí mi lójú. Yìnyín ti di omi, àwọn ìgò oògùn kéékèèké ń léfòó nínú rẹ̀, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ. Wọ́n ti kọ́ wa: abẹ́rẹ́ tí ooru bá ti mú, kò ní agbára kankan mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. N ò lè sọ pé n ò mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gé òwú, mo bu epo, mo tan iná, mo fi aṣọ nu ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, firígò ti tutù, àwọn ìgò ti gbẹ, wọ́n tò lọ rẹrẹ. Mo ní nínú ara mi pé, ta ló máa mọ̀?

Àwọn ìyá dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ èéyi ni, àrùn tó máa ń sú bo ọmọdé lára, tó ń pọ́n ojú wọn, tó sì ń kó wọn lọ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Mo gún ọ̀kan, mo gún èkejì. Ìbejì ni àwọn tó ṣe ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, ìyá wọn ti oko kan lẹ́yìn Odomẹ̀ta wá, ó ti ń rìn láti ìgbà tí àkùkọ kọ. Bí mo ṣe ń fi òwú nu itan Kẹ́hìndé ló bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi. Ó ní, “Èéyi ló pa èyí tí mo bí ṣáájú wọn. Àwọn wọ̀nyí ò ní bá a lọ mọ́. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ, ọmọ mi.”

Mo ṣe àmín. Áà! Mo ṣe àmín, ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà tó yí ẹ̀yìn padà, n ò lè gún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo bo àwo abẹ́rẹ́, mo sọ fún àwọn tó kù pé oògùn ti tán, mo sì jókòó sórí àpótí títí gbogbo wọn fi lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ bá ìyá agbẹ̀bí níbi tó ti ń fọ aṣọ ìgbẹ̀bí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìgbéyàwó, iná, ọmọ mẹ́sàn-án. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú omi. N ò tíì rí i kí ó bínú bẹ́ẹ̀ rí.

“Inú ń bí mi,” ó ní. “O parọ́ fún mi, inú ń bí mi gan-an. Ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn. Mo fẹ́ kí oògùn gidi wọ ara wọn kí èéyi tó dé. Màá kọ̀wé sí Kétu fún òmíràn. Ìwọ, lọ wá àwọn ìyá wọn rí, kí o sọ òótọ́ fún wọn, kí o ní kí wọ́n padà wá.”

“Apànìyàn ni mí, Ìyá.”

“N ò bi ẹ́ léèrè irú ẹni tí o jẹ́. Mo ní ìgbà wo lo máa lọ?”

Mo ní ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, mo dé oríta tó lọ sí ọ̀nà Odomẹ̀ta, mo yí padà. Nígbà tó di ọ̀túnla, mo tún dé ibẹ̀, mo tún yí padà. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bú ara mi: oníjó, òpùrọ́, olójú kòkòrò, ìwọ tí wọ́n súre fún lórí omi lásán. N ò jẹun, n ò sùn. Mo rò pé ìrònúpìwàdà nìyẹn. Irọ́ gbuu! Mo dùbúlẹ̀ sórí èébú yẹn bí ẹni dùbúlẹ̀ sórí ẹní ni, àwọn ọmọ mẹ́sàn-án sì wà nínú oko, ìyá wọn rò pé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ èéyi. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń bú ara mi, kò di dandan kí n lọ síbi kankan. Mo ti di tíṣà oníkòkòrò yẹn, àfi pé kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mò ń se abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ìyá agbẹ̀bí fa àpótí ó jókòó tì mí. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin rẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mò ń rọbí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ní iná kú. Báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́? Mo ní ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí. Ìgbà tó kan ìkẹta, ó ní, “Ọjọ́ tí o lọ sí Kétu, kí ni ara rẹ ń fẹ́?” Mo ti fẹ́ dáhùn pé fàájì ni, kí n tún rí nǹkan fi bú ara mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi yàtọ̀. Mo ní, “Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá. Mo fẹ́ rí ìyá mi. Ẹ̀rù yín ò sì jẹ́ kí n lè sọ ọ́.” Ni ẹkún bá gbà mí. N ò tíì gbọ́ ọ rí láti ẹnu ara mi pé ó rẹ̀ mí. Nígbà tí mo sunkún tán, ìyá agbẹ̀bí ní, “Ó yẹ kí èmi náà ti rí i.” Kò sọ pé ohun tí mo ṣe dáa. Kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn bi mí ní ìkẹrin: kí ni kí a wá ṣe? Mo ní màá lọ sí oko lọ́la.

Àmọ́ lẹ́tà tó kọ sí Kétu ti gba ọwọ́ kọmitée kọjá, nítorí kò sí lẹ́tà tí kì í gba ibẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà, délégé wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé kan. Ó ti bá mi kọ ọ́ tán! “Èmi, ọ̀tá ìlú, ọ̀lẹ àti ọ̀dàlẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ba oògùn àwọn ọmọ tálákà jẹ́…” Ó kún ojú ìwé kan àbọ̀. Ó ti rán akéde sí gbogbo oko pé kí àwọn ìyá ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá sí ìpàdé ọ̀la.

“Ṣáà kà á, kamaráàdì,” ó ní pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. “Wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí, wàá sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bí o ò bá kà á, ọ̀rọ̀ á dé Kétu, a ò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀ mọ́.”

Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni, ìyẹn sì ló mú kí ó le. Mo gbé ìwé náà lọ fún ìyá agbẹ̀bí. Ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní, “Bí o bá kà á tán, ta ni àwọn ìyá yẹn máa gbé ọmọ wọn fún?” Ó wá lọ gbẹ̀bí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dà mí láàmú mọ́jú. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ fún ọ̀tá? Bí mo bá fi ẹnu mi sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ba oògùn jẹ́, àwọn obìnrin yẹn ò ní súnmọ́ abẹ́rẹ́ mọ́ láyé, kì í ṣe tèmi nìkan, ti ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi á wà nílẹ̀, aṣọ funfun á wà lọ́rùn mi, èéyi á sì rí ọmọ mẹ́sàn-án kó. Inú wá bí mi. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú á bí mi sí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ara mi, ó sì mú kí ẹ̀yìn mi nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, abẹ́ máńgòrò kún dẹ́múdẹ́mú. Délégé pariwo, “Ṣé ẹ ti gbára dì?” Wọ́n dáhùn, “Ìjà ń tẹ̀síwájú!” Ó pè mí. Mo dìde, mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo tì í bọ àpò.

“N ò ní ka ìwé yìí,” mo ní. “Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo lọ sí Kétu, mo sì parọ́ ibi tí mò ń lọ. Iná firígò kú lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé oògùn ti bàjẹ́, mo sì fi gún ọmọ mẹ́sàn-án. Kò ní pa wọ́n lára, àmọ́ kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ èéyi. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí wọn. Òmíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé wọn padà wá.”

Àwọn ènìyàn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni tàbí kí wọ́n má pàtẹ́wọ́.

“Ó kù!” délégé ní. “Sọ irú ẹni tí o jẹ́!”

“Mo ti sọ ohun tí mo ṣe, kamaráàdì.”

“Ọ̀tá ìlú ni ẹ́!”

“N ò gbà. N ò mọ̀ọ́mọ̀ pa iná yẹn, n ò sì ní fi ẹnu mi sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á.”

Àwọn kan ń kùn pé ẹ wo ìgbéraga, ẹ wo ẹnu. Nígbà náà ni Ìyá Ìbejì dìde láàárín àwọn obìnrin. Kò pariwo, ì bá sàn kí ó pariwo.

“Mo súre fún ẹ,” ó ní. “O jẹ́ kí n súre fún ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ súre fún mi, mo sì ṣe àmín.”

“O sì ń wò mí lójú?”

Nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í wo àgbà lójú bí wọ́n bá ń bá a wí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mo bá wolẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀tá inú ìwé délégé ni mo máa jọ. Mo ní, “Mò ń wò yín lójú kí ẹ lè mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ nísinsìnyí.” Ó pòṣé tó gùn, ó so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìpàdé tú láìsí àtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, mo fi ẹsẹ̀ rin gbogbo oko yẹn. Ní oko kan wọ́n fún mi lómi mu, ní òmíràn wọ́n lé mi bí ajá. Mo sọ ohun kan náà níbi gbogbo, n ò fi èébú kún un, n ò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ní oko Ìyá Ìbejì, ó wọ inú ilé, kò sì jáde títí mo fi lọ.

Alùpùpù gbé oògùn tuntun dé láti Kétu ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kan yìnyín rẹ̀ wò. Kí oòrùn tó mú, ọmọ mẹ́ta ti dé. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti pé méje. Àwọn kan ní ìyá agbẹ̀bí làwọn fẹ́, mo kó abẹ́rẹ́ fún un, n ò bínú. Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìbejì wọlé, Táyé lẹ́yìn rẹ̀, Kẹ́hìndé lẹ́yìn ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Kò kí wa. Ó wo ìyá agbẹ̀bí, ó wò mí, ó tú Táyé kúrò lẹ́yìn, ó gbé e fún ìyá agbẹ̀bí. Ó gba Kẹ́hìndé, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ọ̀kan tiwọn, ọ̀kan tìrẹ,” ó ní. “Bí èéyi bá mú ọ̀kan tí kò mú èkejì, mo mọ ilé ẹni tí mo máa wá.”

Ẹ̀rín pa ìyá agbẹ̀bí débi tó fi fara ti ògiri. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe ìbejì nílẹ̀ wa: aṣọ kan náà, ẹ̀wà kan náà, bí o bá fún ọ̀kan o gbọ́dọ̀ fún èkejì. Obìnrin yìí pín wọn sí ọwọ́ méjì nítorí mi. Mo gún Kẹ́hìndé, ó ké, ìyá rẹ̀ gbà á, wọ́n lọ. Èéyi wá ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn lóòótọ́, kò sì mú ìkankan nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Lẹ́tà dé láti Kétu lóṣù kejì. Wọ́n mú mi kúrò ní Idigny, wọ́n ní fún odidi ọdún kan n ò gbọ́dọ̀ mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí n máa gbálẹ̀ kí n máa se omi ní ibòmíràn. Mo gbálẹ̀, mo se omi. Lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù, délégé wá kí mi, ó mi orí, ó ní, “Ojú ìwé kan àbọ̀ péré ni ì bá gbà ọ́ sílẹ̀.” Mo ní mo mọ̀, kí ó sì kí ilé fún mi. Títí dòní, àwọn kan ní Idigny ṣì ń sọ pé ìgbéraga ló lé mi kúrò. Kí wọ́n máa sọ ọ́. N ò ní ka ìwé yẹn lónìí, n ò ní kà á lọ́la.

Ohun tí mò ń rò lórí rẹ̀ láti ìgbà yẹn kì í ṣe délégé. Ìyá Ìbejì ni. Obìnrin tó ti sin ọmọ kan, tí mo tàn jẹ, tí mo gba ìre lẹ́nu rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò dárí jì mí, ó kéré tán n ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó bínú sí mi dé ilé. Síbẹ̀ ó rìn láti Odomẹ̀ta, ó sì gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ nínú méjì, lọ́sẹ̀ kan náà tí èmi fúnra mi ò lè fi adìyẹ lásán síkàáwọ́ ara mi. Mo ti ṣe àṣìṣe púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi, òmíràn wà tí n ò ní sọ fún ìwọ gan-an. Bí inú mi bá wá ń bẹ̀rẹ̀ sí í to èébú jọ, mo máa ń dá a lóhùn tagbáratagbára: bínú sí mi bí o bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ ná, bí Ìyá Ìbejì ti gbé Kẹ́hìndé.